Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Lílo Tábúlẹ́ẹ̀tì Oníkálàmù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ó Ń Fi Ọwọ́ Kọ Yorùbá

Iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni mo ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmì ohùn ni ó sì gbé mi dé ìdí tábúlẹ́ẹ̀tì oníkálàmù. Bí mo bá fẹ́ fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, n ó wá àmì lókè, n ó wá a nísàlẹ̀, kí n sì tó rí i, ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́, mo kọ lẹ́tà, mo fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, mo fa ti ohùn lé e lórí, mo sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń fi kálàmù kọ nǹkan sí lójú ni ẹ̀rọ tí ó gba ọwọ́ yìí bí ó ṣe wà, tí ó sì jẹ́ kí ohun tí ọwọ́ kọ ṣeé fi ránṣẹ́, ṣeé tún ṣe láìfà á ya, ṣeé kó pamọ́ fún ọdún púpọ̀ láìsí pé ikán jẹ ẹ́.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí kò tíì ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí ó ti rà á ṣùgbọ́n tí ó ń lò ó bíi fóònù ńlá lásán: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí ó ń ṣe ìṣirò tí ó sì ń ya àwòrán, tíṣà tí ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, aránṣọ tí ó ń ya sítáì fún oníbàárà, àti ẹnikẹ́ni tí ó ń gba oríkì ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kálàmù ni kí ó pa ohun tí ọwọ́ yín kọ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe kọ ọ́. Ẹni tí ó bá retí pé kí ẹ̀rọ máa sọ ìkọ̀wé Yorùbá òun di lẹ́tà títẹ̀ yóò fi ìka àbámọ̀ bọnu, yóò sì gbé ẹ̀rọ tí ó dára tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Irú kálàmù mẹ́ta

Kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ bèèrè irú kálàmù tí ẹ̀rọ náà ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kálàmù ni kálàmù ń jẹ́, pé èyíkéyìí tí ó bá ti kan gíláàsì yóò kọ̀wé. Àṣìṣe tí ó ń náni lówó jù lọ nìyẹn.

Irú kìíní ni èyí tí ó ní rọ́bà rìbìtì tàbí ike pẹlẹbẹ lẹ́nu, tí wọ́n ń tà káàkiri ní ìsọ̀ àwọn onífóònù. Ìka ni ó dúró fún: ẹ̀rọ kò mọ̀ pé kálàmù ni, ìka ni ó gbà pé ó kan òun. Nítorí náà, gbogbo fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń fọwọ́ tẹ̀ ni yóò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì nígbà tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ̀rọ yóò kà á sí ìka mìíràn, yóò sì fa ìlà sí ibi tí ẹ kò fẹ́. Bí ẹ tẹ̀ ẹ́ le, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Irú kejì ni èyí tí kò ní bátìrì tí ó fi ń kọ̀wé rárá, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn tí iná kò dá lójú ní àdúgbò wọn. Lábẹ́ gíláàsì ẹ̀rọ tí ó ń lò ó ni àwọ̀n wáyà tín-ín-rín kan wà tí ó ń tú agbára òòfà jáde; kọ́ìlì kékeré tí ó wà nínú kálàmù a gba agbára náà, a sì dá a padà, ẹ̀rọ a sì fi èyí mọ ibi tí ẹnu kálàmù wà àti bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó. Ilé iṣẹ́ Wacom ti ilẹ̀ Japan ni ó sọ ọgbọ́n yìí di olókìkí, kálàmù S Pen ti Samsung sì ń lò ó. Galaxy Tab S6 Lite tí ó jáde ní 2020, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 10.4, máa ń bá kálàmù tirẹ̀ wá nínú páálí, ẹ kò sì ní fi kálàmù náà sí iná láéláé. Àwọn kọ̀ǹpútà àgbélétan tòkunbọ̀ kan náà wà, irú bíi ThinkPad X220 Tablet ti 2011, tí ojú wọn ń yí po tí ó sì ń dùbúlẹ̀ sórí bọ́tìnnì; kálàmù Wacom ni àwọn náà ń lò. Ó wúwo lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ń jókòó sídìí tábìlì kan náà lójoojúmọ́, kò burú.

Irú kẹta ní bátìrì tirẹ̀ nínú, ó sì ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Apple Pencil wà lára wọn, kálàmù Surface ti Microsoft náà sì wà níbẹ̀. Ó ń kọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì nípa ti Apple: ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta iPad, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta kálàmù rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo Apple Pencil ni ó ń bá gbogbo iPad ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2023 tí ó ń lo wáyà USB-C kò tilẹ̀ mọ títẹ̀ le yàtọ̀ sí títẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Fún ìwé kíkọ lásán, ìyẹn kò ní pa yín lára. Ẹni tí ó ń ya àwòrán ni yóò dùn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì mi àkọ́kọ́, ẹni tí ó tà á fún mi fi kálàmù kan lé e, ó ní gbogbo ẹ̀rọ ni ó bá mu. Mo kọ orúkọ mi ní ìsọ̀ rẹ̀, ó hàn, mo sì sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo kọ “Ẹ káàárọ̀” ni mo rí i pé àmì abẹ́ Ẹ kò jáde. Mo tún kán an síbẹ̀, kò jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ìlà gígùn kan ni ó fà. Kálàmù onírọ́bà ni, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí ó lè kọ àmì bíńtín lọ. Ẹni tí ó ń kọ èdè tí kò ní àmì lábẹ́ lè má mọ àléébù yẹn fún oṣù mẹ́fà. Èmi mọ̀ ọ́n ní ọ̀rọ̀ kìíní.

Ìdánwò tí ẹ óò ṣe ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìdánwò kan tí mo máa ń ṣe, ìbáà jẹ́ ní Takie nílùú wa ni mo ti rà á tàbí ní Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí áàpù ìkọ̀wé fún yín, kí ẹ sì ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí láìkánjú, bí ẹni tí ó ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹnu kálàmù súnmọ́ gíláàsì láìjẹ́ kí ó kàn án. Bí ó bá jẹ́ kálàmù irú kejì, àmì róbótó kékeré kan yóò hàn lójú ẹ̀rọ, yóò sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín kí ẹnu kálàmù tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ ní ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹ máa ń kọ sínú ìwé aláfowọ́kọ, kì í ṣe gàdàgbà-gadagba. Ẹ ka àmì tí ó wà lábẹ́: mẹ́jọ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ méje ni ẹ rí, kálàmù náà ń fo àmì fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ó sì fò lónìí ni yóò máa fò títí. Ẹ wo àmì ohùn pẹ̀lú, bóyá ó balẹ̀ sórí ọ gan-an tàbí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá yẹ̀ lọ síbì kan náà nígbà gbogbo lórí kọ̀ǹpútà Windows, ó ṣeé tún ṣe nínú Tablet PC Settings níbi tí wọ́n kọ Calibrate sí, ṣùgbọ́n bí ó bá ń yẹ̀ síhìn-ín lẹ́ẹ̀kan tí ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Èyí tí ó kàn ni pé kí ẹ fi rúlà sórí gíláàsì ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rọra fa kálàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti igun kan dé igun kejì. Ìlà tí ó dára yóò lọ gbọọrọ. Èyí tí kò dára yóò máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì pátápátá bí ẹ ti ń kọ̀wé, kí ẹ wò ó bóyá àtẹ́lẹwọ́ náà fi nǹkan sílẹ̀. Ẹ kọ nǹkan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti ṣubú rí a máa gbọ́ràn láàárín, kí ó sì ya adití létí.

Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tòkunbọ̀, ohun kan kù tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìdánwò kálàmù lọ. Ẹ ní kí olùtajà pa gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́ lójú yín, kí ó sì tan án padà dé ibi tí yóò ti gba àkáǹtì Google tàbí ti Apple tiyín wọlé. Bí ẹ̀rọ bá ń bèèrè àkáǹtì ẹlòmíràn, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí i. Ẹ má sanwó, kódà bí wọ́n bá ní ọmọkùnrin kan wà tí yóò bá yín ṣí i. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ nílé

Kò sí ìdí láti fi ẹ̀rọ tuntun sí iná fún wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó lò ó, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣì ń sọ. Bátìrì àtijọ́ ni ó nílò ìyẹn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì níbí ni pé kí ẹ fi ohun tí ń dènà iná àpọ̀jù sáàárín ẹ̀rọ àti ògiri, nítorí pé ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó máa ń wá tagbáratagbára. Ẹ má fi í sí iná lórí ibùsùn tàbí nínú oòrùn ojú fèrèsé.

Ẹ̀rọ yóò sọ pé òun fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é, nítorí pé àtúnṣe iṣẹ́ kálàmù a máa wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá ní dátà òru tàbí Wi-Fi. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí ti ẹ̀rọ pa, kí ẹ sì rí i pé ohun tí ń wá ẹ̀rọ tí ó sọnù, Find Hub ti Google (tí wọ́n ń pè ní Find My Device tẹ́lẹ̀) tàbí Find My ti Apple, wà ní ṣíṣí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wọ ibi ètò kálàmù fúnra rẹ̀. Lórí Samsung, inú Settings ni ẹ óò wọ̀, kí ẹ lọ sí Advanced features, kí ẹ sì tẹ S Pen. Lórí iPad, Apple Pencil ni orúkọ rẹ̀ nínú Settings. Nǹkan méjì ni mo ń fẹ́ kí ẹ yí padà níbẹ̀. Èkíní, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ kálàmù nìkan ni yóò máa kọ̀wé, kí ìka máa yí ojú ìwé nìkan. Lórí iPad, Only Draw with Apple Pencil ni wọ́n kọ sí i, nínú áàpù ìkọ̀wé púpọ̀ sì ni ẹ óò ti rí irú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ìka kékeré yín ni yóò máa kọ̀wé láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́. Èkejì, ẹ pa ohun tí ń sọ ìkọ̀wé di lẹ́tà títẹ̀: S Pen to text ni ti Samsung, Scribble sì ni ti iPad. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ọlọ́wọ́ òsì ní ohun kẹta láti ṣe lórí Windows, kí ó sọ fún ẹ̀rọ nínú Pen & Windows Ink pé ọwọ́ òsì ni òun fi ń kọ̀wé, kí àwọn àkọlé má baà máa ṣí sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìjókòó, ọwọ́, àti gíláàsì tí ó ń yọ̀

Gíláàsì kò rí bíi pépà. Ó ń yọ̀, lẹ́tà tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ yóò sì dà bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò dára tàbí pé ọwọ́ yín ti bàjẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé tábìlì pẹrẹsẹ tàbí kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ gbé apá títí dé ìgúnpá lé tábìlì, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ láìbẹ̀rù. Àwọn tí ó ti fi fóònù mọ́ra a máa gbé ọwọ́ sókè lófuurufú nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn yóò kan gíláàsì. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, èjìká wọn yóò máa dùn wọ́n. Ẹ fi ìka méjì fẹ ojú ìwé kí ó tóbi díẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Bí ẹ bá sún un padà, lẹ́tà yóò kéré, yóò sì wà létòlétò ju bí ẹ ti rò lọ.

Rọ́bà ìbòjú kan wà tí ó ń jẹ́ kí gíláàsì ha díẹ̀ bíi pépà. Mo lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ ẹnu kálàmù, ó sì ń jẹ́ kí àwòrán ṣókùnkùn díẹ̀. Gíláàsì ìbòjú tí ó nípọn ni kí ẹ sá fún, nítorí pé ó ń mú kí ẹnu kálàmù jìnnà sí ibi tí ìlà ti ń yọ, àmì ohùn a sì máa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà.

Ìwé àkọ́kọ́

Ẹ má kó áàpù mẹ́wàá jọ. Ẹni tí ó ní Samsung kí ó lo Samsung Notes tí ó bá a wá. Ẹni tí ó ní iPad kí ó lo Notes. Ẹni tí ó ní Windows tàbí tí ó ń lo ẹ̀rọ púpọ̀ kí ó mú OneNote, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Aránṣọ àti oníṣẹ́ ọnà ni ó yẹ kí ó wá Krita, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ ṣí ìwé tuntun, kí ẹ mú ojú ìwé onílà. Ẹ mú kálàmù dúdú, kí ẹ dín sísanra ìlà rẹ̀ kù ju bí ẹ ṣe bá a lọ. Ìlà tí ó sanra ni ó ń jẹ́ kí àmì abẹ́ dà pọ̀ mọ́ lẹ́tà, tí ẹ kò fi ní mọ ẹ yàtọ̀ sí e lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi àwọ̀ pupa kan pamọ́ fún àtúnṣe nìkan. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ojú ìwé kan lójúmọ́. Igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá ni mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọwọ́ ní àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ pa pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ọwọ́ yóò ti gbàgbé pé gíláàsì ni.

Irinṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ti àkọ́kọ́ ni ìparẹ́, tí ó ní ọ̀nà méjì: èyí tí ń pa gbogbo ìlà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tí ń pa kìkì ibi tí ó bá kàn. Fún Yorùbá, ẹ mú èyí tí ń pa ìlà. Nítorí pé ìlà ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn, ẹ lè fọwọ́ kan àmì kan ṣoṣo kí ó kúrò, kí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ má ṣe mira. Ti kejì ni okùn ìdẹ, tí ẹ óò fi yí ọ̀rọ̀ po kí ẹ sì gbé e lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá fo ìlà kan nínú ewì, ẹ yí ìyókù po, ẹ sún un wálẹ̀, kí ẹ kọ èyí tí ẹ fò. Ti kẹta ni ọfà tí ń dá ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà.

Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rọ yí ọwọ́ yín padà

Ìlérí pé ẹ̀rọ yóò ka ọwọ́ ènìyàn ti pẹ́. Apple gbé ẹ̀rọ Newton jáde ní 1993 pẹ̀lú ìlérí yẹn. Àṣìkà rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí, wọ́n sì dá a dúró ní 1998. Microsoft tún gbé Windows ti àwọn kọ̀ǹpútà oníkálàmù jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Lónìí, ẹ̀rọ ń ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ “ọ̀kọ̀” síwájú ẹ̀rọ tí a kọ́ láti ka Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí yóò gbé jáde ni “oko”, tàbí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jọ ọ́. Oko tí a ń ro, ọkọ tí ó wà nílé, ọkọ̀ tí ó ń ná Ọ̀yọ́, gbogbo wọn á di ọ̀kan. Bí ẹ kò bá sì ṣọ́ra, ìkọ̀wé yín gan-an ni yóò pa rẹ́ tí yóò fi ti ara rẹ̀ rọ́pò.

Ìpàdé tí àwọn C.M.S. (àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, ọwọ́ ni a sì fi ń kọ àwọn àmì wọ̀nyí fún ọdún gbọọrọ kí bọ́tìnnì tó dé. Ohun tí ọwọ́ kọ dáadáa ti pé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkọ̀wé, kí ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kà á pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́: bí ẹ bá ní igba ìwé, ẹ̀rọ kò ní lè bá yín wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú wọn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fi lẹ́tà títẹ̀ kọ àkọlé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí inú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́. Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google, ní Yorùbá. Ẹ yàn án, àwọn ẹ, ọ àti ṣ yóò sì wà ní àrọ́wọ́tó fún àkọlé kúkúrú. Mo máa ń fi ọdún àti oṣù ṣáájú, kí orúkọ tẹ̀ lé e.

Gbígba oríkì sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn

Ibí yìí ni ẹ̀rọ náà ti san mí ní oore jù lọ. Samsung Notes àti OneNote lè gba ohùn sílẹ̀ ní àkókò kan náà tí ẹ ń kọ̀wé. Ẹ tẹ ibi ìgbohùnsílẹ̀ kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ tàbí àpótí, kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì nìkan bí ó ti ń lọ. Ẹ má gbìyànjú láti kọ gbogbo rẹ̀. Ẹnu àgbà yára ju kálàmù lọ. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gba ohùn wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ díẹ̀ lára rẹ̀ padà.

Ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa ń ki ìran àwọn adẹ́mu, mo sì kọ “ìgbà” sílẹ̀ níbi kan. Nígbà tí mo tún un gbọ́ lálẹ́, mo rí i pé ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ lórí i àkọ́kọ́ rárá. Ó dúró láàárín. Igbà ni wọ́n pè, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Mo fi ìparẹ́ kan àmì kékeré orí i, ó kúrò, ìlà oríkì náà sì ní ìtumọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mo jẹ́ kí ẹ̀rọ yí i sí lẹ́tà títẹ̀ ni, “igba” ni ǹ bá bá nílẹ̀, n kò sì ní mọ̀ pé mo ti kọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Mímáàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ

Ẹ fi Scan tí ó wà nínú Google Drive ya àwòrán àròkọ kọ̀ọ̀kan, yóò di PDF. Ẹ ṣí i nínú áàpù ìkọ̀wé yín, kí ẹ fi àwọ̀ pupa ṣe àtúnṣe sí i lójú gan-an, àmì tí ọmọ gbàgbé, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó pín níyà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ yan Document, kì í ṣe àwòrán, nítorí pé WhatsApp a máa fún àwòrán pọ̀, àmì tín-ín-rín a sì pòórá.

Ìtọ́jú

Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń sọ ìwé tí mo kọ láàárín ọ̀sẹ̀ di PDF, kí n sì kó wọn sí ibi méjì, Google Drive àti káàdì ìrántí. Tab S6 Lite ní ààyè káàdì. iPad kò ní, nítorí náà kí ẹni tí ó ń lo iPad ra fíláàṣì tàbí kí ó gbára lé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Erukutu pupa ìlú wa a máa bà lé gíláàsì láàárín wákàtí kan, hóró iyanrìn kan lábẹ́ ẹnu kálàmù sì tó láti fa ìlà tí kò ní kúrò mọ́. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá lẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ sí aṣọ, ẹ má fọ́n omi sójú ẹ̀rọ.

Ẹnu kálàmù ń jẹ tán bí ẹnu ọkọ́ ti ń jẹ tán. Bí ẹ bá fi ìka kàn án tí ẹ rí i pé ìhà kan ti pẹlẹbẹ, tàbí tí ó ń ha gíláàsì lọ́nà tí etí ń gbọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti S Pen, ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde tààrà, kí ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró. Ti Apple Pencil ń yí kúrò bí ìdérí ìgò. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, kí ẹ sì ka àmì abẹ́ wọn: mẹ́jọ.